Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Kó Ìbọn Ológun Àtijọ́ Wọ Amẹ́ríkà, Kẹ́ Ẹ sì Yìn Ín Láìfarapa

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ń béèrè nípa Lee-Enfield, Martini-Henry, Mauser, Mosin-Nagant àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, torí òfin wà nínú ẹ̀, ewu sì wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá kù gìrì wọ̀ ọ́ lè pàdánù owó, ó lè pàdánù ojú tàbí ìka, ó sì lè bá ara ẹ̀ níwájú adájọ́. Kì í ṣe ṣakabùlà táwọn ọdẹ wa ń gbé lọ sóko ni mò ń sọ o. Ìbọn tí ìjọba ṣe fún sójà ni, tí wọ́n fi jagun, tí wọ́n wá kó sílé ìpamọ́ nígbà tí tuntun dé, tí wọ́n sì ń tà á fáwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan Yorùbá gan-an. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, Ìbàdàn ló lágbára jù, àmọ́ nígbà táwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn tí wọ́n ń ki látẹ̀yìn, irú bíi Snider, ránṣẹ́ sí Ogedengbe àti Fabunmi lójú ogun, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó gbé ìbọn àkìtẹnu, kó tó da ẹ̀tù sí i, kó tó fi ọ̀pá gún un, kó tó gbé e sójú, ẹni tó gbé Snider ti yìn léraléra. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lọ sí ogun Burma náà, Lee-Enfield ló wà léjìká wọn. Torí náà tí mo bá rí Snider tí ọdún ẹ̀ ṣì hàn lára irin, mi ò lè fojú irin lásán wò ó, mo sì máa ń bínú tí mo bá rí ẹni tó fi àìmọ̀ ba irú ẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín

Ẹ má tíì wo ìbọn kankan o. Ìwé ìgbélùú yín lẹ máa kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ físà lẹ ṣì fi wà, ì báà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àlejò, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kẹ́ ẹ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àyè díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, bíi kẹ́ ẹ ní láísẹ́ńsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún yín tí kò tíì parí. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì tàbí tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà lè ní in. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e ṣẹ́wọ̀n ju ọdún kan lọ kò lè ní in, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀ kò lè ní in, ẹni tó ń mu igbó náà kò lè ní in, kódà kó jẹ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń tà á ní gbangba ló ń gbé, torí òfin àpapọ̀ ló ń béèrè, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀.

Ẹ tún wo òfin ìpínlẹ̀ yín. Ẹni tó wà ní Texas àti ẹni tó wà ní New Jersey ò sí nínú ayé kan náà rárá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Illinois ẹ máa kọ́kọ́ gba káàdì FOID, ìyẹn káàdì ẹni tó ní ìbọn, New Jersey náà ní káàdì tiẹ̀, California àti New York sì ní òfin tó pọ̀ jọjọ. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ ní pátì.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ẹ má bínú: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ti ìbọn yìí bọ inú kọ̀ǹténà tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ń lọ sílé, bó ti wù kó gbó tó. Ìbọn ológun wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ fún aráàlú, Amẹ́ríkà náà sì ka kíkó ìbọn jáde láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ bàbá wọn. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi férémù sí i, ẹ fìyẹn ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin tiyín yàtọ̀. Ìbọn tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, tí irú ọta ẹ̀ wà lára èyí tí ìlànà ọdún 2021 pè ní ògbólógbòó, ẹ lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ nílé láìgbàwé. Ọta Martini-Henry wà níbẹ̀, .303 tí Lee-Enfield ń lò kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pinnu pé ẹ fẹ́ yìn ín báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ọdún méjì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Àkọ́kọ́ ni 1898. Òfin ìbọn tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1968 sọ pé ìbọn tí wọ́n bá ṣe lọ́dún 1898 tàbí ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan àtijọ́ ni, òfin ìjọba àpapọ̀ ò kà á mọ́ ìbọn tí wọ́n ń gba láísẹ́ńsì lé lórí. Ẹ ò nílò ìwé àṣẹ ATF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, kó tó wọlé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi han kọ́sítọ́ọ̀mù, torí wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìkejì ni àádọ́ta ọdún: ìbọn tó bá ti lé ní 50 ọdún, tí wọn ò sì tíì yí i padà kúrò ní bí wọ́n ṣe ṣe é, ló bọ́ sí ipò tí wọ́n ń pè ní Curio and Relic, táwa tó ń ṣe é ń pè ní C&R.

Ọdún tí wọ́n ṣe risífà ni òfin ń wò, ìyẹn ara irin tí bàréèlì wọ̀ sí, tí bolt, irin tó ń ti ọta wọlé, ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wo M39, irú Mosin-Nagant kan táwọn ará Finland tò nígbà ogun àgbáyé kejì: bàréèlì ẹ̀ lè jẹ́ ti 1942, àmọ́ risífà Rọ́ṣíà tí wọ́n tò ó lé lè jẹ́ ti 1895, ọdún 1895 yẹn ni òfin sì máa tẹ̀ lé. Ẹ ò ní rí i lókè o, ẹ máa yọ irin kúrò nínú igi, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ìrù risífà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá mọ èyí lè rí ìbọn àtijọ́ rà láàárín èyí tí ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ ohun tó jẹ́.

Láísẹ́ńsì olùkójọ

Ẹni tó bá fẹ́ ra ju ẹyọ kan lọ, mo rọ̀ ọ́ pé kó gba láísẹ́ńsì C&R. Fọ́ọ̀mù 7CR ni ATF ń lò fún un, $30 ni owó ẹ̀, ọdún mẹ́ta ló ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, ẹ sì máa fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò yín. Tó bá dé, ìbọn C&R lè wá tààrà sí ẹnu ọ̀nà yín láti ìpínlẹ̀ míì láìgba ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kọjá, ìyẹn tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá fàyè gbà á.

Ó ní ojúṣe tiẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tẹ́ ẹ máa kọ gbogbo ìbọn C&R tó wọlé àti èyí tó jáde sí: ọjọ́, ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ara ẹ̀, irú ọta ẹ̀. ATF láṣẹ láti yẹ ìwé yẹn wò. Láísẹ́ńsì yìí ò sì sọ yín di oníṣòwò, tẹ́ ẹ bá ń rà tẹ́ ẹ ń tà láti fi jẹun, láísẹ́ńsì míì ni yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o wọlé fúnra yín

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò nílò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti kó ọ̀pọ̀ ìbọn wọ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2003, International Military Antiques ní New Jersey àti Atlanta Cutlery ní Georgia ra gbogbo ohun tó wà nílé ìpamọ́ ohun ìjà àtijọ́ ti àwọn ọmọ ogun Nepal, ní ààfin Lagan Silekhana ní Kathmandu, Martini àti Snider lóríṣiríṣi ló jáde látibẹ̀, ẹrẹ̀ àti gíríìsì ọdún gbọọrọ ṣì wà lára wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ rà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Lee-Enfield kan wà ní Kánádà tàbí Yúróòpù tọ́kàn yín ń fà sí, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ gba gbogbo àlàyé ìbọn náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà, irú ọta, orílẹ̀-èdè tó wà báyìí, pẹ̀lú fọ́tò gbogbo àmì ara ẹ̀. Ẹ fi wọ́n kún Fọ́ọ̀mù 6 ti ATF, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ ìkówọlé. Ẹni tó ní láísẹ́ńsì C&R lè fi orúkọ ara ẹ̀ béèrè fún ìbọn C&R, ẹni tí kò ní gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ńsì. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Mo tún un sọ, ẹ dúró! Ìbọn ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí tó bá balẹ̀ láìsí ìwé, kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má fojú kàn án mọ́. Ẹni tó ń tà á náà máa gba àṣẹ ìkójáde lọ́dọ̀ ìjọba tiẹ̀, ìyẹn sì máa ń falẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ nígbà míì. Tó bá dé bodè, Fọ́ọ̀mù 6A ni wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀.

Irú ìbọn méjì ló máa ń kó èèyàn sí wàhálà níbí: èyí tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ti ní kí ohun ìjà má tibẹ̀ wọlé, àti èyí tí Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ṣe tó sì fún ìjọba míì, bíi M1 Garand. Tó bá jẹ́ Garand lẹ fẹ́, ẹ má wulẹ̀ lọ sókè òkun, ètò Civilian Marksmanship Program ń tà á nílé níbí.

Ẹ ka ara ìbọn

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ìbọn ológun, wọ́n ti kọ ọ́ sára ẹ̀, àwọn sójà àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún ọba ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ẹ gbé Martini-Henry sọ́wọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún risífà. Ẹ máa rí adé, lábẹ́ ẹ̀ VR, ìyẹn Ọbabìnrin Victoria, lẹ́yìn náà orúkọ ilé iṣẹ́ bí Enfield, lẹ́yìn náà ọdún, lẹ́yìn náà nọ́ńbà irú Martini tó jẹ́. Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá wá rí VR tí ọdún tó wà lábẹ́ ẹ̀ jẹ́ 1907 ńkọ́? Victoria ti kú ní oṣù kìíní ọdún 1901! Ayédèrú ni, wọ́n fọwọ́ rọ ọ́ láwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ bodè Afghanistan àti Pakistan, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó lọ jagun níbẹ̀ ra púpọ̀ nínú ẹ̀ bọ̀ wálé. Ẹ tún wo lẹ́tà N, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ ní ẹ̀yìn-síwájú. Àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn lọ́wọ́, iṣẹ́ wọn sì wù mí, àmọ́ irin tí wọ́n rí ni wọ́n lò, torí náà ara ògiri ni ibùgbé ẹ̀, ẹ má yìn ín. Gahendra, ìbọn tó jọ Martini tí wọ́n ṣe ní Nepal náà, èmi ò ní yìn ín.

Lórí Lee-Enfield, ẹ wo òrùka irin tó wà níbi tí igi ìdí ìbọn ti pàdé risífà, tàbí ẹ̀gbẹ́ risífà tó bá jẹ́ No.4, ìyẹn irú Lee-Enfield tó dé kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí DP níbikíbi lára ẹ̀, ìbọn ìdánrawò sójà ni, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìrìn lásán, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ọta gidi sí i mọ́. Èyí tí wọ́n fi wáyà we lára, bọ́ǹbù ni wọ́n ti fi ń jù, ó ti jìyà jù. Ẹ wo nọ́ńbà ara bolt, ó yẹ kó bá ti risífà mu, torí bolt tí wọ́n ṣà láti ibòmíì lè máà jókòó dáadáa.

Àwọn míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: Springfield 1903 tí ilé iṣẹ́ Springfield ṣe tí nọ́ńbà ẹ̀ kò tó 800,000, tàbí ti Rock Island tí kò tó 285,507, wọ́n jó irin risífà púpọ̀ nínú wọn jù nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, ó lè fọ́ bí àwo. Ross Mk III ti Kánádà, èèyàn lè to bolt ẹ̀ pọ̀ lódì, ó sì máa wọlé, ó sì máa yìn, ojú ẹni tó yìn ín ló sì máa fò padà sí. Gewehr 88 ti Jámánì, bàréèlì ti ìbẹ̀rẹ̀ fún ju ọta 8mm tí wọ́n ń tà lónìí lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ ìbọn ológun. Kó wọn àyè tó wà láàárín ojú bolt àti ìdí kátíríìjì, ìyẹn idẹ tó gbé ẹ̀tù àti ọta dání. Ti .303, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń gbà ni ínǹṣì 0.064, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á dé 0.074. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kátíríìjì lè já sí méjì nínú ìbọn. Ó dùn mọ́ni pé orí bolt No.4 ṣeé pààrọ̀, wọ́n ṣe é ní 0, 1, 2 àti 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú ẹ̀.

Gíríìsì ìpamọ́ ńkọ́? Ooru ló ń yọ ọ́. Ẹ fi sí oòrùn nínú náílọ́ọ̀nù dúdú títí tó fi máa yọ́, ẹ nù ún, ẹ tún ṣe é. Ihò tí ọta ń wọ̀ sí gbọ́dọ̀ mọ́ pátápátá, torí àìmọ́ ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí bolt Mosin le bí ẹni pé wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́.

Ọta

Snider àti Martini-Henry, ẹ̀tù dúdú nìkan ni, ẹ̀tù dúdú nìkan ni o! Ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín lágbára ju ohun tí irin wọn lè gbà lọ. Ọta Martini láyé ọjọ́un gba ẹ̀tù dúdú grain 85 (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta) lẹ́yìn ọta òjé grain 480, ẹni bá yìn ín á mọ̀ léjìká.

Fún .303, Prvi Partizan ti Serbia àti Sellier & Bellot ti Czech ń ṣe tuntun, èyí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọta ogun àtijọ́ lè máà wọ́n púpọ̀, àmọ́ káàpù ìdí (ibi tí ìbọn ń lù kí ọta tó ró) púpọ̀ nínú ẹ̀ ní kẹ́míkà tó ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú bàréèlì, iyọ̀ yẹn ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìpẹtà sì máa mú irin náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òmíì tún ti gbó débi pé tíríígà á wọlé, á dákẹ́, lẹ́yìn náà ni á wá ró.

Lórí rẹ́ńjì

Ẹ pe rẹ́ńjì, ìyẹn pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn, kẹ́ ẹ tó lọ, púpọ̀ nínú wọn máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán ọta wò, èyí tí irin bá wà nínú ẹ̀ kò ní wọlé. Gíláàsì ojú àti ohun ìdítí jẹ́ dandan.

Ọta àkọ́kọ́, ẹ má gbé ìbọn sójú. Ẹ dè é mọ́ táyà ọkọ̀ tàbí ohun ìdìmú lórí tábìlì, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ń gba ọta, ẹ so okùn gígùn mọ́ tíríígà, ẹ lọ sẹ́yìn ohun tó lè dáàbò bò yín, kẹ́ ẹ tó fà á. Ẹ bi ẹni tó ń ṣàkóso rẹ́ńjì kẹ́ ẹ tó ṣe é o. Tó bá ró dáadáa, ẹ mú kátíríìjì òfìfo yẹn sọ́wọ́, ẹ wò ó nínú oòrùn. Ṣé káàpù ẹ̀ ti lu? Ṣé òrùka kan tó ń dán yí i ká nítòsí ìdí? Ẹ tẹ orí wáyà pélébé kan, ẹ fi wọ́ inú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tó bá kọ́ sí kòtò kan nínú ibẹ̀, kátíríìjì yẹn ti ń gbìyànjú láti já nìyẹn. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé ìbọn padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Tó bá dáa, ẹ wá lè gbé e sójú. Ọta mẹ́wàá ló ń wọ Lee-Enfield, ìdí kátíríìjì .303 sì ní ètè tó yọ síta, ètè ti òkè gbọ́dọ̀ wà níwájú ètè ti ìsàlẹ̀ ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kọ́ ara wọn, bolt ò sì ní lọ. Ẹ fún ìdí ìbọn mọ́ inú kòtò èjìká dáadáa, irin ló wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe rọ́bà.

Tẹ́ ẹ bá fa tíríígà tí kò ró, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí òkìtì, ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó ṣí bolt, ẹ má sì fi ojú sí ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá sì dún kẹ́lẹ́ bí ohun tí kò dún tán, ẹ má yìn òmíràn. Ẹ yọ bolt, ẹ wo inú bàréèlì bóyá ọta ti há síbẹ̀.

Ọjọ́ náà lẹ máa fọ̀ ọ́

Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Epo ìbọn ò lè yọ iyọ̀, omi ló ń yọ ọ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ yọ bolt, ẹ dojú ẹnu ìbọn kọlẹ̀ sínú báàfù, ẹ ti fọ́nẹ́ẹ̀lì bọ ihò ọta, ẹ rọra da omi gbígbóná yẹn kọjá nínú bàréèlì, kó má kan igi. Omi tó kọ́kọ́ jáde máa dúdú, ẹ máa dà á títí tó fi máa mọ́. Ooru omi fúnra ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ irin náà. Ẹ fọ ojú bolt bákan náà, torí iyọ̀ ń wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ̀tù dúdú náà, omi gbígbóná ni oògùn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ gbígbẹ gba inú ẹ̀ kọjá títí tí kò fi ní mú omi jáde mọ́, ẹ wá fi epo gbà á kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta ẹ tún ti aṣọ funfun kọjá nínú bàréèlì. Tó bá jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún gbé omi kaná. Tó bá jáde ní funfun pẹ̀lú epo nìkan, ẹ lè tì í mọ́ inú àpótí irin. Ẹ má fi sínú àpò awọ, awọ ń gba omi mọ́ra, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé.